Ilé Yín Nìyí

                                        Agbo-ilé Alárọ,
                                        Ìpàta, Ìlọrin.
                                        Ọjọ́ kejì oṣù Máàṣì, 1911.

Abdulraheem, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Báwo ni Jẹ́bà? Ṣé àlàáfíà lo wà? Hajarat ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ara ọmọ tó ń gbóná ti rọlẹ̀? Ìyá ńkọ́? Àwa náà dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé wa kò dùn.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Danjuma, àbúrò bàbá mi, ni. O mọ̀ pé wọ́n ń fi ilé oko wọn lọ́nà Malete háyà fún àwọn tó bá fẹ́ sinmi. Lóṣù tó kọjá, òyìnbó ojú irin kan dé síbẹ̀ pẹ̀lú Àbdùlkàrímù, ògbifọ̀ rẹ̀. Ó ní odò lòun ń retí. Wọ́n fi kànga hàn án. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ dà. Wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn ewúrẹ́ jáde lọ jẹun ná. Kó má baà bínú, Bàbá ní, "Ẹ fara balẹ̀, ilé yín nìyí. Ẹ ṣe é bó ṣe wù yín." Àbdùlkàrímù túmọ̀ rẹ̀. Inú òyìnbó dùn.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá wá ra ẹyin ní Ìpàta níbí, nítorí àlejò fẹ́ràn ẹyin. Kí wọ́n tó padà dé, òyìnbó ti tún ilé rẹ̀ ṣe. Ó ti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kó òkúta ẹ̀yìnkùlé dànù, kí wọ́n tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹṣin rẹ̀ lè ríbi dúró. Ìwọ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a to òkúta yẹn. Orí sàréè Ìyá Asabe, ìyàwó Bàbá, ni.

"Àbdùlkàrímù, kí lo sọ fún un?"

"Bàbá, ohun tí ẹ sọ náà ni. Mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀."

Nínú gbogbo ògbifọ̀ ìjọba, òun nìkan ni mo mọ̀ tí kì í purọ́. Ọjọ́ tí a nílò irọ́ gan-an ni kò pa á.

Òyìnbó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí ìyìn. Bàbá ní, "Ẹ ṣeun." Wọ́n gbé ẹyin fún un. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Wọ́n ní àlejò ni, kò mọ̀.

Lánàá, Bàbá wá kí mi. Mo sáré jáde, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ wọlé, ilé yín nìyí." Bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ náà ni mo sọ ọ́. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò mí títí.

"Abdulmumini, ṣé ó dá ẹ lójú?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ti ń bọ́ lójú wọn.

Bá mi kí Ìyá àti Hajarat, kí o sì gbé ọmọ jó fún mi. Bí o bá wá, mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ. Ṣáà wọlé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ títí ayé,
Abdulmumini