Nígbà Tí Onígbáméjì Lé Bọ́ọ̀lù Wọ Ọ́fíìsì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Bọ́ọ̀lù ti dúró. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ jókòó kí n tó sọ ọ́, àmọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìdíje mọ́, kò sí ife-ẹ̀yẹ. Wọ́n ti ti géètì pápá Oníkan pa, ewúrẹ́ ló ń jẹ koríko tí ẹ kì í jẹ́ kí n tẹ̀. Kì í ṣe ogun ló dá a dúró. Nígbà ogun gan-an wọ́n ń gbá a. Àrùn ni.

Ẹ ò bá a. Ẹ ti lọ kó tó dé. Àwa ń pè é ní onígbáméjì, rédíò ń pè é ní kọ́lẹ́rà. Wọ́n ní ó ti la ọ̀pọ̀ ilẹ̀ kọjá kó tó kan wa, ó sì dé bí àlejò tó ti mọ ojúlé tẹ́lẹ̀. Mi ò ní fi òun fúnra rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, torí ó mú Ìyá Ráfátù tó wà ní yàrá kejì sí tiwa. A jọ jẹun àárọ̀ ni. Kí wọ́n tó pe ìrun Ìṣáì, a ti sin wọ́n. Àwọn tó ń gbógun ti àrùn náà ni mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ wọn fún yín.

Ìjọba ní kí á má péjọ. Kí wọ́n lè sọ fún wa pé kí á má péjọ, wọ́n kó gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó jọ sí gbàgede kan. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù gun orí àga, ó fi ẹ̀rọ pariwo pé èrò ló ń gbé àrùn kiri. A pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi fún mọ́ mi débi pé mo mọ egungun ìhà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ká lọ tò fún abẹ́rẹ́ ní Tinúbú. Ìlà yẹn há ju ibi tí àwọn aláìlówó máa ń dúró sí ní Oníkan lọ́jọ́ àṣekágbá lọ. Obìnrin kan dákú, kò sì ráàyè ṣubú.

Báńkì ò tì. Ìdúmọ̀tà ò tì, ó kún dẹ́nu. Kóòtù Igbosere ò tì, àwọn lọ́yà ṣì ń jà lórí ilẹ̀ tí àwọn tó ni ín ti kú tán. Bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n rí mú. Mo rò pé torí òun nìkan ni kò ní lọ́yà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Oníkan lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, ṣé ẹ bá gbà kí ẹnikẹ́ni ti géètì yẹn mọ́ yín?

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí n mú bírò.

Ẹ mọ̀ pé àwọn agbábọ́ọ̀lù iléeṣẹ́ wa kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù nínú ìwé. Akọ̀wé ni wọ́n nínú ìwé. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń jẹ, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń mu, àmọ́ iléeṣẹ́ tó ń kó ọjà òkèèrè wọlé kò lè jáde sọ pé òun ń sanwó oṣù fún ẹni tó ń sáré lórí koríko. Nítorí náà olúkúlùkù wọn ní tábìlì ní ọ́fíìsì wa ní Màríńà, tábìlì tí kò jókòó sí rí láyé rẹ̀. Àwa tí a lọ sí Pólì la fi tábìlì wọn ń gbé ife tíì sí.

Nígbà tí bọ́ọ̀lù dúró, máníjà wa ronú. Èyí kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní bí kò bá ti sí bọ́ọ̀lù, kí àwọn akọ̀wé wá kọ̀wé.

Lọ́jọ́ Ajé wọ́n dé. Wọ́n tò wọlé bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ pápá, aṣọ́lé tó ń mú bọ́ọ̀lù ló ṣíwájú, gbogbo wọn wọ kóòtù tí wọ́n yá. Ó ku kí ẹnì kan fọn fèrè. Ẹ wá méfò ẹni tí wọ́n gbé síwájú mi. Kàmọ́rù ni. Kàmọ́rù Ìjì, ẹsẹ̀ òsì, tí ẹ máa ń dárúkọ nínú àdúà lẹ́yìn ìrun kí ẹ tó dárúkọ tèmi. Tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi. Mo kó ife tíì kúrò fún un.

Ó wo fáìlì tó wà níwájú rẹ̀, ó gbé ojú sókè.

“Ọ̀gá mi, kí la máa ń ṣe níbí?”

Mo ní, “Ìwé ọjà tó bá ti èbúté dé, a máa tò ó bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe tẹ̀ léra.”

“Tá a bá tò ó tán ńkọ́?”

“Òmíràn á dé.”

“Títí di ìgbà wo?”

“Títí wọ́n á fi fẹ̀yìn wa tì.”

Ó wo aago ara ògiri. “Kò sí háfù-táìmù?”

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ́fíìsì wa dùn. Àwọn ọmọge tó ń tẹ̀wé wá ń tọrọ ohun tó ti wà níwájú wọn tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ mi, kí wọ́n ṣáà lè rí Kàmọ́rù. Máníjà mú òyìnbó méjì wá láti wo Kàmọ́rù bó ṣe di bírò mú. Wọ́n rán an lọ sí báńkì ní Tinúbú. Ó gba Ìdúmọ̀tà, àwọn aláṣọ sì gbé e lé èjìká, “Ìjì! Ìjì!” gba ojú ọ̀run. Ó mú ìwé lọ, ó mú àǹkárá bọ̀. Ìwé náà, títí di òní a ò rí i.

Lóṣù kejì wọ́n tún rán an. Kíá ló padà dé, ìwé pé lọ́wọ́ rẹ̀, báńkì ti lù ú lóǹtẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é lójú ọ̀nà. Ó jókòó, ó kọjú sí fèrèsé títí a fi ṣíwọ́. Ìsàlẹ̀ Èkó yín nìyẹn. Wọ́n á gbé èèyàn lé èjìká títí èjìká á fi ro wọ́n, wọ́n á sì sọ ọ́ sílẹ̀ láì wo ibi tó balẹ̀ sí.

Ẹ má sọ pé mò ń kẹ́gàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń kẹ́gàn rẹ̀. Gbogbo ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ bá parí sí mọ́kànlá, fáìlì ọ̀tọ̀ ló ń kó o sí, torí mọ́kànlá ló máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní wọ́n máa mú oríire wá. Ohun tí wọ́n mú wá ni Alájì kan, ará Ìjẹ̀bú tó ń ta àwo tánńganran ní Ìdúmọ̀tà, tí ẹrù rẹ̀ jókòó sí èbúté títí torí a ò rí ìwé rẹ̀. Alájì wọlé, ó ń gbọ̀n. “Ta ló tọ́jú ìwé mi?” Mo nawọ́ sí iwájú. Alájì wò ó, ojú rẹ̀ rọ̀, ojú rẹ̀ tún le. “Ìjì! Ìwọ ni? Èmi tí mo pàtẹ́wọ́ fún ọ títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó! Àwo mi dà?”

Kàmọ́rù dìde, ó tẹ orí ba fún un bí ìgbà tó bá jẹ góòlù. Kò mọ ohun mìíràn tí wọ́n ń ṣe bí wọ́n bá ń pariwo orúkọ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni máníjà pè mí. Mo ti fojú ara mi rí ọkùnrin yìí tó gbé bàtà Kàmọ́rù lé orí itan nínú mọ́tò, tó ń fi háńkáṣífù nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni Pólì, jókòó. Ẹsẹ̀ la gbà síṣẹ́, a ò gba orí. Ẹsẹ̀ ò níṣẹ́ mọ́. Kí ni kí n fi ìyókù ṣe?”

Mo jókòó.

“Lọ́jọ́ Jímọ̀, wá sọ fún mi, èwo nínú wọn ló wúlò. Ẹni tí kò bá wúlò, kó máa lọ. Kó sì kó ẹrù rẹ̀ jáde ní yàrá iléeṣẹ́ pẹ̀lú.”

Inú yàrá iléeṣẹ́ ni Kàmọ́rù ń gbé, òun, ìyàwó, àtàwọn ọmọ. Àbúrò ìyàwó wà níbẹ̀. Ó kù sí mi lọ́wọ́, Bàbá. Ẹni tí ẹ fẹ́ràn jù láyé yìí, ẹnu mi ni oúnjẹ rẹ̀ wà.

Ẹ rántí ìgbà tí orúnkún rẹ̀ wú? Ẹ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé rẹ̀ lójoojúmọ́, tẹ̀yin ti agolo òrí. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo yege ìdánwò àtiwọ Pólì. Mo mú ìwé náà wá hàn yín. Ẹ wò ó, ẹ ní ó dáa, ẹ sì ní kí n bá yín wo ibi tí ìdérí agolo wọlẹ̀ sí. Mo bá yín wò ó. Abẹ́ ibùsùn ló wà.

Nítorí náà lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán, mo bi í léèrè yín.

“Bàbá wo?” ló wí.

“Bàbá tó máa ń mú òrí wá nígbà tí orúnkún ń dùn ọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọ̀rẹ́ mi, bàbá Èkó wo ni kì í mú òrí wá? Òrí pọ̀ nílé débi pé ìyàwó mi ń tà á.”

Mo ní wọ́n máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àsíá igun pápá, wọ́n sì máa ń fi eyín di fìlà wọn mú bí wọ́n bá fẹ́ gbá pẹ́náritì. Ó di ojú. Mo rí i pé ó ronú ní tòótọ́, torí ẹnu rẹ̀ dúró, kò jẹun.

“Mi ò rántí wọn. Ṣé wọ́n ṣì wà?”

“Rárá.”

“Ọlọ́hun á tẹ́ wọn sí Àlùjánnà.” Ó nawọ́ sí abọ́ mi. “Ṣé o ṣì fẹ́ jẹ mọ́ínmọ́ín yẹn?”

Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé kò mọ̀ yín? Ṣé ẹ tilẹ̀ sọ orúkọ yín fún un rí, àbí ẹ kàn gbé òrí kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó jalè? Ṣé ó dùn yín? Àbí irú ìfẹ́ tí ẹ fẹ́ náà nìyẹn, èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní wá bá yín san án padà? Mo bi yín léèrè torí mo fún un ní mọ́ínmọ́ín náà, mi ò sì mọ ìdí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo wọlé bá máníjà. Òtítọ́ ni mo kó lọ. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi láti mọ́ṣáláṣí dé Màríńà, ó sì dùn lẹ́nu bí oyin. Mo kọ́kọ́ sọ pé aṣọ́lé wúlò, pé ó ti mọ iṣẹ́ fáìlì ju àwọn kan tó lọ sílé ìwé lọ. Máníjà fi ọwọ́ lé ọ̀rọ̀ náà dànù.

“Kàmọ́rù ńkọ́?”

“Kò wúlò rárá, sà.”

“Mo mọ̀!” Inú rẹ̀ dùn.

“Ẹ lé e, sà.” Mo rò pé mo ti parí. Ẹnu mi ò parí. “Iléeṣẹ́ tó wà lódìkejì ọ̀nà ní tí ẹ bá lé e lónìí, àwọn á fún un ní tábìlì lọ́la.”

Máníjà gbé gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Gbogbo Màríńà ló ń sọ ọ́, sà. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù ṣì ń padà bọ̀.”

“Irú tábìlì wo?”

“Èyí tó ní kọ́kọ́rọ́, sà.”

“Kọ́kọ́rọ́!” Ó dìde, ó rìn dé ojú fèrèsé, ó wo òdìkejì ọ̀nà bí ẹni tó rí ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀. “Àwọn olè! Lójú ara mi!”

Kò sí iléeṣẹ́ kankan tó bèèrè rẹ̀, Bàbá. Èmi ni mo bí i, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbé tábìlì tó ní kọ́kọ́rọ́ wá fún Kàmọ́rù. Aṣọ́lé tó wúlò náà ni wọ́n lé, òun àtàwọn mẹ́rin mìíràn. Máníjà ní ta ló máa jí aṣọ́lé tó ti dàgbà gbé? Irọ́ kan ṣoṣo ni mo ní, mo sì ti ná an.

Kàmọ́rù ò mọ̀. Mi ò ní sọ fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ àti tèmi ni mò ń ṣe báyìí, torí bí ìwé kan bá tún sọnù, máníjà lè gbàgbé òdìkejì ọ̀nà. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn rẹ̀, èmi ni mò ń ṣe fáìlì rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú ń bí mi sí yín. Inú ti ń bí mi sí yín ọjọ́ ti pẹ́, àmọ́ ìgbà tí ẹ wà láyé, ẹ kì í gbélé lọ́jọ́ Sátidé.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń sùn níwájú mi, ó ń hanrun bí ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi. Mo ń gbọ́ bàtà máníjà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo na ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì, mo gbá a lójúgun dáadáa. Ó jí, ó gbé bírò, ó sì ń kọ ohun tí Ọlọ́hun nìkan lè kà. Máníjà ti kọjá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Kàmọ́rù bó ṣe ń lọ.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù.