Ojú Bàtà Wà Níbí, Ìsàlẹ̀ Rẹ̀ Wà Lọ́hùn-ún

Akọ̀wé, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ kékeré tí ẹ fi hàn mí nínú fóònù lọ́jọ́sí tó ń yọ ahọ́n sí mi. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ láṣẹ Ọlọ́run, torí pé níbí yìí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wa, ohun tó mú mi gbé bírò nìyẹn. Bí mo bá pè ọ́, kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, wàá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa. Lẹ́tà kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Jókòó, kí o kà á tán.

Ṣé o rántí ìgbà tí o wá sílé ṣáájú ìdìbò? O jókòó sórí àga bàbá rẹ, o na ẹsẹ̀, o ní kí a tẹ̀ka pé kí orílẹ̀-èdè wa jáde nínú ẹgbẹ́ tí òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ jọ fi ń ṣòwò. Bàbá rẹ bi ọ́ pé kí ló dé, o ní àwọn ará òdìkejì ibodè ń wọlé wá gba iṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, pé tí a bá ti jáde báyìí, iṣẹ́ á pọ̀ débi pé apá wa kò ní ká a. Ìwọ lo kàwé nínú ilé wa, a sì gbà ọ́ gbọ́. Èmi tilẹ̀ tẹ ìka tèmi mọ́lẹ̀ dáadáa kó lè hàn, títí obìnrin tó jókòó ti àpótí fi ní ó ti tó, màmá.

Nígbà tí wọ́n kéde pé a ti jáde, inú mi dùn, mo ní owó wa ń bọ̀. Ṣebí bí wọ́n ti ń ṣe nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nìyẹn, ẹni tó bá jáde, wọ́n á ṣírò gbogbo ohun tó ti dá, wọ́n á kó o fún un, kálukú á sì máa lọ láìsí ìjà. Mo wọ aṣọ gidi, mo lọ sí báǹkì, mo sọ fún ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì pé mo wá gba ìpín ilé wa nínú èyí tí orílẹ̀-èdè dá. Ó béèrè nọ́ńbà àkáǹtì mi. Mo ní kì í ṣe àkáǹtì tèmi, ti orílẹ̀-èdè ni, kó tún un wò dáadáa. Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá gbé omi tútù fún mi, ó ní kí n rọra máa lọ sílé. Títí di òní, kò sẹ́ni tó pè mí. Irú ẹgbẹ́ wo lo ní kí a jáde yìí, Akọ̀wé, tí ẹni tó jáde ló tún ń sanwó?

O mọ̀ pé ilé iṣẹ́ wa kì í ṣe odindi bàtà jáde. Bàbá rẹ á gé awọ, èmi á fi ẹ̀rọ rán an, ó di ojú bàtà. Àwọn ará ọ̀hún ló ń ṣe ìsàlẹ̀. Láràárọ̀ ni dírẹ́bà wa, ẹni tí a ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín torí pé kì í rẹ́rìn-ín, máa ń kó ojú bàtà kọjá ibodè, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀, wọ́n á tà á. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí a fi rán ọ níwèé nìyẹn.

Wàyí o, wọ́n dá Ẹlẹ́rìn-ín dúró ní ibodè, wọ́n ní kó mú ìwé ẹ̀rí wá pé níbo ni wọ́n ti bí màlúù tí a fi awọ rẹ̀ ṣe bàtà. Ó ní òun kò mọ màlúù náà rí. Wọ́n ní kó padà. Ó mú ìwé wá, wọ́n ní ó ku ti òwú. Ó mú ti òwú wá, wọ́n bu owó ibodè lé ẹrù náà, owó ọ̀hún sì ju èrè bàtà lọ. Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wa ní àwọn kò lè dúró dè wá mọ́. Ọ̀gá wa bá kó wa jọ sí yàrá tí a ti ń gé awọ, ó ń wo ilẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀, ó ní òun ń kó ilé iṣẹ́ náà lọ sí òdìkejì, níbi tí ìsàlẹ̀ bàtà wà. Ó ní ẹni tó bá mọ awọ gé lè tẹ̀ lé òun, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rán awọ pọ̀ lọ́hùn-ún. Mo fi aṣọ bo ẹ̀rọ mi, mo jáde. Inú bí mi, mi ò ní parọ́ fún ọ.

Bàbá rẹ, tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ á lọ ra ọ̀bẹ lọ́hùn-ún, á sì dé kí oúnjẹ tó jinná, wá di ẹni tó ń gba ìwé àṣẹ kó tó lè kọjá ibodè lọ ṣiṣẹ́. Inú fóònù ni wọ́n ní kí a ti kọ ọ́. Fóònù ní kí n yan ọ̀rọ̀ àṣírí tí n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo yàn án, mo pa á mọ́ra. Ó tún ní kí n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Mo ní mi ò tẹ̀ ẹ́, òun náà ẹnikẹ́ni ni. Ìgbà tó yá, ó bi mí bóyá ènìyàn ni mí tàbí ẹ̀rọ! Èmi tí mo bí ọ! Mo pe ìyá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa kó wá jẹ́rìí sí mi, ó sọ ọ́ sókè ketekete sí fóònù, fóònù kò dáhùn. Ẹlẹ́rìn-ín ló bá wa parí rẹ̀, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí eyín rẹ̀.

Bàbá rẹ ti tẹ̀ lé ọ̀gá wa lọ sọ́hùn-ún. Òun àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló ń sùn nínú yàrá kan. Bí bàbá rẹ bá pè mí lórí fóònù olójú, èyí tí a fi ń rí ara wa, etí ló máa ń gbé e sí, nítorí náà etí rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Etí náà ti rù, Akọ̀wé. Mi ò mọ̀ pé etí lè rù.

Owó ni mò ń béèrè lọ́wọ́ rẹ báyìí, ti ìwé àṣẹ bàbá rẹ, torí wọ́n ní ìwé náà máa kú láìpẹ́, a sì gbọ́dọ̀ sanwó òmíràn kí wọ́n má bàa lé e padà wá sílé tí kò sí iṣẹ́. Jọ̀wọ́, má fi í sínú fóònù. Ìgbà tí o fi í sínú rẹ̀ lọ́jọ́un, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bátìrì nìkan ni mo bá. Fi rán èèyàn.

Ọlọ́run á gbé ọ ga, á dá ọmọ rẹ sí, oúnjẹ kò ní wọ́n ọ nílé. Àmín. Àdúrà kan ló kù tí mò ń gbà láràárọ̀. O ní àwọn ará ọ̀hún ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ wa, bàbá rẹ ló wá lọ gba iṣẹ́ tiwọn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí akọ̀wé kankan wá sílé lọ́hùn-ún, kó jókòó sórí àga bàbá tirẹ̀, kó na ẹsẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.