Ohun Tí Màámi Sọ Lẹ́yìn Orí Nọ́ọ̀sì

Mọ́ńdè, ọjọ́ 3, oṣù kẹfà
Ọ̀gá Kóòmù — màámi onídìrí nìyẹn — ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Mo béèrè. Wọ́n ní eegun ni. Irọ́ funfun báláú.

Túsìdeè, ọjọ́ 4
Àṣírí tú. Mo bá ìpara irun ṣọ́ọ̀bù wa, èyí tó máa ń ta èèyàn lórí yẹn, ní bálùwẹ̀. "Mọ́mì, irun ta lẹ ń dì níbí?" Wọ́n ju bàtà lù mí. Lẹ́yìn náà wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Nǹkan oṣù wọn ti dúró láti ọdún méjì. Ojú ara wá gbẹ, ó ń yún, ó ń ta. Wọ́n ní ṣebí ohun tó ń mú irun gbígbẹ rọ̀ á mú ibẹ̀ náà rọ̀. Ata ni wọ́n fi ń pa iná.
Mo ní kí wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì àdúgbò. "Nọ́ọ̀sì tí mo ń dirun fún? Kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́?" Ẹ gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ — ẹni tó mọ gbogbo ọkọ tí ìyàwó ń lé lọ sùn sórí àga ní òpópónà wa.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ 6
Wọ́n tún fi ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ ibẹ̀. Ó burú sí i. Mo rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára àwọ̀tẹ́lẹ̀ wọn. Mi ò ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí.

Sátidé, ọjọ́ 8
Nọ́ọ̀sì wá dirun. Mo ń gbálẹ̀ ojú kan náà fún wákàtí kan, kí n lè gbọ́. Màámi ń bá ẹ̀yìn orí nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi kan ni o, ojú ara wọn gbẹ látìgbà tí nǹkan oṣù wọn ti dúró lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n wá ń fi ìpara irun àti ọṣẹ olóòórùn sí i…" Àkọ́bí ni màámi.
Nọ́ọ̀sì ò yíjú. Báwo ló ṣe fẹ́ yí i, tí irun ẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn? Ó ní kí ẹ̀gbọ́n fi ìpara irun àti ọṣẹ olóòórùn sílẹ̀, omi lásán ti tó. Jẹ́ẹ̀lì tí kò lóòórùn, tí wọ́n ṣe fún ibẹ̀ gan-an, wà ní ilé oògùn. Bí ìyẹn ò bá tó, dókítà lè kọ ìpara hòmóònù fún wọn.
"Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ńkọ́?"
Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ wọn mú. "Lẹ́yìn ọdún méjì? Bó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan, ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè má jẹ́ nǹkan kan. Kí ẹ̀gbọ́n wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kí ẹ̀yin náà tẹ̀lé wọn, kí wọ́n má baà ṣìnà."

Mọ́ńdè, ọjọ́ 10
Ní ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ màámi wò. Èsì ò tíì jáde. Màámi ò sùn.

Fúráìdeè, ọjọ́ 21
Kò sí àrùn burúkú. Gbígbẹ ló mú kí ara ibẹ̀ fẹ́lẹ́, tó fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Dókítà ti kọ ìpara fún wọn.
A dé ṣọ́ọ̀bù. Màámi fẹ̀yìn ti àga, oorun gbé wọn lọ, ẹnu ṣí sílẹ̀. Oníbàárà mẹ́ta ń dúró, wọ́n ń kùn. Mo ní ẹni tó bá jí wọn, èmi ni màá dirun fún un.
Wọ́n mọ irú irun tí mo ń dì. Gbogbo wọn panu mọ́.