Omi Tó Wà Nínú Ògiri Yàrá Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ mi. Omi wà nínú ògiri yàrá yín lóòótọ́. Wọ́n ṣí i lọ́jọ́ Tuesday tó kọjá, mo sì fi ojú ara mi rí i.

Òjò tó rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin ló tú àṣírí. Ògiri wú níbi orí bẹ́ẹ̀dì yín, ọ̀dà ara rẹ̀ ń bó, mo bá pe roofer kan láti West End. Ọkùnrin náà gun òrùlé, kò pẹ́ tó fi sọ̀ kalẹ̀. Páànù pẹlẹbẹ tó yí ẹsẹ̀ ṣímínì, ọ̀nà èéfín tó yọ sórí òrùlé, ká, èyí tí wọ́n ń pè ní flashing níbí, ti ká kúrò lára bíríkì. Àwọn tó kan òrùlé náà kẹ́yìn kò pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀dà dúdú ni wọ́n kàn fi rẹ́ ẹ, ọ̀dà náà sì ti sán. Omi tó yẹ kí páànù yẹn darí sórí òrùlé ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, ó ń tọ ara igi bọ̀ nísàlẹ̀, kò kan àjà rárá. Ìdí nìyẹn tí a kò fi rí àmì kankan. Bí òjò bá dá tán, èyí tó ti kó jọ sínú ògiri á ṣì máa kán di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Oòrùn á ràn, ẹ̀yin á sì máa gbọ́ omi.

Ogójì ọdún lẹ fi kan òrùlé n'Ìbàdàn. Láti ìgbà tí ẹ ti dé ọ̀dọ̀ wa lókè òkun, ní Decatur níbí, lẹ ti ń fura sí ṣímínì yẹn. Lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, ẹ ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ògiri bí ẹni ń yẹ ara ọmọ wò bóyá ó gbóná. Ẹ bi mí léèrè àkàbà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, mo sì gbé àkàbà lọ pamọ́ sí garage aládùúgbò. Bẹ́ẹ̀ ni sà yẹn ni gbogbo wa fi pa yín lẹ́nu mọ́ nínú ilé, èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ. Kò sẹ́ni tó bá yín jiyàn, kò sì sẹ́ni tó lọ wò ó. Ọ̀wọ̀ wo nìyẹn? Ká ní a bá yín jiyàn ni, bóyá à bá ti gun òrùlé láti fi hàn yín pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo ti shift ilé ìwòsàn dé, tí mo bá yín lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀bẹ ìdáná lọ́wọ́ yín? Ẹ ti dá ihò sí ògiri. Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó gbẹ, eruku lásán ni. Ẹ wo ihò náà, ẹ wo ojú mi. Ọjọ́ yẹn ni mo dájọ́ pé bàbá mi ti ń ṣarán. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Ọkọ mi dí ihò náà, ó kùn ún lọ́dà. Ẹsẹ̀ bàtà kan péré sí ibi tí a dí ni roofer ṣí, omi sì dà sí i lẹ́sẹ̀. Igi inú rẹ̀ ti rà, ó rí bíi búrẹ́dì inú tíì, ó ti bu dúdú láti òkè délẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà kan, Bàbá mi. Kí ló dé tí n kò bi yín pé ibo ló kù ká yẹ̀ wò?

Ti ọ̀dọ̀ dókítà ló burú jù. Èmi nọ́ọ̀sì, èmi ni mo ṣe ògbufọ̀. Ọ̀rọ̀ òrùlé lẹ ń bá a sọ, létòlétò, bí ẹni ń kọ́ ọmọṣẹ́. N kò túmọ̀ rẹ̀. Mo kàn sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì pé ẹ ń gbọ́ ohun tí kò sí. Ẹ̀yin ń mi orí, ẹ rò pé iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni mò ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ mi ló kọ sínú ìwé, ìwé yẹn ni mo sì fi gbé yín lọ sí ilé àwọn arúgbó ní Union City.

Oṣù márùn-ún lẹ lò níbẹ̀ kí ẹ tó jáde láyé. Ní gbogbo Sunday tí mo bá ti church yà, ẹ ó bi mí bóyá òjò rọ̀ ní Decatur, èmi á yí ọ̀rọ̀ sórí oúnjẹ. Ṣé inú bí yín lọ ni? Àbí ẹ tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà mí gbọ́, pé orí yín ló dàrú? Èyí kì í jẹ́ kí n lè jẹun.

Wọ́n ti ṣe é báyìí. Ọkùnrin náà gbẹ́ ojú sìmẹ́ǹtì àárín bíríkì, ó ti etí páànù tuntun bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ní ìpele ìpele, bí ẹ ṣe fi páálí oúnjẹ àárọ̀ àwọn ọmọ júwe rẹ̀ fún mi gẹ́lẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Màámi tí wọ́n wà nílé. Nígbà tí mo gbé yín lọ, mo kìlọ̀ fún wọn n'Ìbàdàn kí wọ́n má pè yín mọ́, pé ẹ kò ní dá ohùn wọn mọ̀. Mo rò pé mò ń ṣàánú wọn ni. Wọn kò pè. Àwọn tó tọ́jú yín sọ fún mi pé fóònù kì í kúrò lápò ẹ̀wù yín. Ohun kan ṣoṣo tí Màámi fi ń tu ara wọn nínú títí dòní ni pé ẹ ti gbàgbé àwọn, nítorí náà ẹ kò mọ̀ pé àwọn kò pè. Mo ti tẹ nọ́ńbà wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lónìí, mo sì ń pa á kí wọ́n tó gbé e. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n jù. Ṣé kí n sọ fún wọn pé ẹ retí ìpè wọn títí ẹ fi lọ?

Èmi ni, ọmọ tí ẹ fi òógùn orí òrùlé tọ́, tó fẹ́ràn yín, tí ojú sì ń tì.