Ọwọ́ Òsì Bàbá Ìtùnú

Ẹ̀bá Ọ̀nà Okpara,
Savè, Benin.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kìíní, ọdún 2025.

Zénabou, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Parakou? Bàbá Issa ńkọ́? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé o ti ń gun àtẹ̀gùn láìké "yéè, ìyá mi"? Ọyẹ́ ti mú kí ètè wa bẹ́ níbí, ṣùgbọ́n a dúpẹ́, ara le.

Ọpẹ́ ni mo fẹ́ dá, n ò sì mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Bàbá Ìtùnú, ọkọ mi, lọ́wọ́ ọ̀tún, kò jáde mọ́. Ó ní òun ò ní fi ọwọ́ òsì kí ènìyàn, òun ò ní fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ló fi ń dá mi lóhùn ṣáá. Oṣù mẹ́jọ, Zénabou! Kò dé ṣọ́ọ̀ṣì, kò dé oko. Ẹ̀rù ń bà mí pé inú yàrá yẹn ni yóò kú sí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Issa ọmọ rẹ wọlé wá, ó ní ká wá wo eré tí òun gbé kalẹ̀ nínú ọgbà ìgbafẹ́ tó wà lẹ́sẹ̀ àpáta. Ó fi àwo pẹlẹbẹ oníke kan hàn mí, mo ṣebí ìdérí ìkòkò ni. Ó ní a ó máa jù ú sínú agbọ̀n onírin tí ẹ̀wọ̀n rọ̀ sí lára. Agbọ̀n mẹ́sàn-án ni. Ẹni tí iye ìjù rẹ̀ bá kéré jù ló borí. Ẹni tí kò ṣe é rí náà lè ṣe é, nítorí agbọ̀n àkọ́kọ́ ò jìnnà ju ẹnu ọ̀nà mi sí kànga lọ. Ó wá bẹ ọkọ mi pé òun ń wá àgbà tí yóò máa ka ìjù, kí àwa obìnrin má baà rẹ́ ara wa jẹ. Ó gbà! Ọmọ rẹ gbọ́n jù.

Èmi jù ú, ó lọ kọ́ sórí igi máńgòrò. Màmá Sakinatou, àgbà àdúgbò wa, ju tirẹ̀, àwọn ewúrẹ́ fọ́nká. A rẹ́rìn-ín títí. Ni màmá bá na àwo sí ọkọ mi. Ó wò ó, kò gbà á. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá, ọwọ́ òsì nìkan ni mo ní." Màmá ní, "Ta ló bi ọ́? Ọwọ́ ni." Ó sì fi àwo náà sí i lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Ìjù àkọ́kọ́ já bọ́ sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìkẹta wọgbó. Mo rò pé yóò padà lọ jókòó, àfi bó ṣe ní kí n kúrò lójú ọ̀nà òun! Ìkeje ló dún ṣáàráà nínú ẹ̀wọ̀n. Ọkọ mi kígbe, èmi sì bú sẹ́kún bí ọmọdé. Nígbà tí à ń padà sílé, ó ń juwọ́ òsì sí gbogbo ẹni tó ń kí wa. Lánàá, ó bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọlọ́run á dá Issa sí fún ọ. Ìwọ lo bí i, èmi ni mo ń jẹ èrè rẹ̀.

Bá mi kí Bàbá Issa àti Chérifatou ọmọbìnrin rẹ. Ìtùnú ní kí n kí yín.

Èmi tí o fi ọmọ ṣe lóore,
Albertine.

Bí mo ṣe fẹ́ lẹ ìwé yìí pa ni Bàbá Ìtùnú gba kálámù lọ́wọ́ mi. Ìlà kọ́lọkọ̀lọ ìsàlẹ̀ yìí, tirẹ̀ ni:

Ìyá Issa, ẹ ṣeun ọmọ. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́. Ọwọ́ ni.