Dẹ́kìn tí Ìṣirò Mi Kọ̀ ní Ìdímù

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé o, Màámi. Àsàlámù àlékùm. Láti Ìgàndó níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ wà. Mo kí Ìyá Àgbà, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Ràfíù àti ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọlọ́run á wo ọmọ náà dàgbà. Mo kí gbogbo ará ilé pátá, àti àwọn tí inú wọn kò dùn sí mi báyìí.

Ẹ má bínú pé n kò pè yín lórí fóònù, tí mo wá ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde sí gbangba. Ọ̀rọ̀ náà ti di ti gbangba kí n tó mọ̀. Ohùn kan ń káàkiri lórí wọ́sáàpù, pé ọmọ Alfa kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ba mọ́ṣáláṣí jẹ́ ní Ìdímù, pé ó dójú ti àbúrò bàbá rẹ̀ níṣojú gbogbo jàmáà. Ó ti dé etí ẹ̀yin náà. Nígbà tí ẹ pè mí, ẹ kò bú mi. Ẹ kàn bi mí pé ṣé òótọ́ ni pé mo ti ilé Ọlọ́run pa nítorí ohun tí kọ̀ǹpútà sọ, ẹ sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn láti ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí, kí àwọn tó ti gbọ́ tiwọn sì gbọ́ tèmi.

Ẹ mọ̀ pé ọ́fíìsì àwọn ẹnjiníà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnjiníà Kọ́ládé ni ọ̀gá wa. Iṣẹ́ wa ni kí a fi ìṣirò mọ bí ilé tàbí afárá yóò ṣe ṣe kí ẹrù tó gorí rẹ̀. Ẹ ti bi mí rí pé báwo lèèyàn ṣe lè jókòó sí Ẹ̀gbẹ́dá kó mọ ohun tó ń ṣe ilé tó wà ní Ìdímù. Ẹ̀rín ni mo fi dá yín lóhùn lọ́jọ́ náà. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ fẹ́ mọ bí ilẹ̀ oko kajú yín ṣe tó, tí odò sì gé etí rẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ. Ẹ kò rí ọ̀nà wọn etí tó wọ́ yẹn, ẹ bá pín ilẹ̀ náà sí ègé onígun mẹ́rin, ẹ wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ rò wọ́n pọ̀. Nígbà tí ègé náà tóbi, ìṣirò yín jìnnà sí òótọ́ létí odò. Nígbà tí ẹ gé e kéékèèké, ó túbọ̀ ń sún mọ́ ọn.

Ohun tí àwa náà ń ṣe nìyẹn. A ó pín dẹ́kìn, ìyẹn ilẹ̀ kọnkéré òkè ilé, sí ègé kéékèèké nínú kọ̀ǹpútà, a ó sọ fún un bí irin àti kọnkéré inú ègé kọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó. Lẹ́yìn náà a ó máa gbé ẹrù lé e díẹ̀díẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò méfò bí ègé kọ̀ọ̀kan yóò ṣe tẹ̀ tó. Yóò wá wò ó bóyá ẹrù tó ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ àti agbára tó gbé e dúró bára dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba, yóò tún ìméfò náà ṣe, yóò tún wò ó, títí ìyàtọ̀ kò fi ní í tó nǹkan mọ́. Ìgbà yẹn la máa ń sọ pé ìṣirò ti fìdí mọ́lẹ̀.

Ó wá kan Bàbá Sùlè, àbúrò yín. Ilé wọn ní Ìdímù ni mo kọ́kọ́ sùn sí nígbà tí mo dé Èkó. Lọ́jọ́ tí mo lọ wá iṣẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá, àwọn ni wọ́n sìn mí lọ, wọ́n sì dúró nínú oòrùn lójú títì títí mo fi jáde. Káfíńtà ni wọ́n, àwọn náà sì ni alága ìgbìmọ̀ tó ń kọ́ mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn. Nígbà tí èrò pọ̀ jù, ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n kọ́ dẹ́kìn sókè nínú rẹ̀, kí àwọn obìnrin máa kírun níbẹ̀. Iwájú dẹ́kìn náà yọ kọjá òpó, kò sí ohunkóhun tó gbé e nísàlẹ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n pè láti wá ṣe àdúà ìṣílé ní ọjọ́ Jímọ̀. Màámi sì ti sọ fún mi tayọ̀tayọ̀ pé àwọn ìyá asalátù ti fi iwájú sílẹ̀ fún àwọn, torí ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí Lèmọ́mù.

Ìjọba ìbílẹ̀ ní kí ẹnjiníà yẹ dẹ́kìn náà wò kí wọ́n tó ṣí i. Bàbá Sùlè ní kí làwọn ń wá àjèjì sí, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn wà níbẹ̀. Wọ́n fi ọ̀yàyà gbé iṣẹ́ náà fún mi ni o. Wọ́n ti gbà pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

A gbé ẹ̀rọ tó ń rí irin nínú kọnkéré lọ síbẹ̀. Irin wà, ṣùgbọ́n níbi tó yọ síta yẹn, ìsàlẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù wà. Òkè ló yẹ kó wà, torí pé òkè ló ń fà nígbà tí etí bá ń tẹ̀ wálẹ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù lé e. Ó ń fìdí mọ́lẹ̀, èmi náà ń dúpẹ́. Àfi bí ìṣirò ṣe dédé kọ̀. Ẹrù náà kò tíì tó ti àwọn obìnrin tí yóò kún ibẹ̀ ní Jímọ̀. Kọ̀ǹpútà ń méfò, ó ń tún un ṣe, nọ́ńbà ń fò sókè, ó ń fò sílẹ̀, kò dúró síbì kan.

Ọ̀gá mi ní kí n má tíì pariwo. Wọ́n ní ìṣirò tó kọ̀ láti fìdí mọ́lẹ̀ lè jẹ́ àìsàn ìṣirò, kó má jẹ́ àìsàn ilé. Ó lè jẹ́ pé ẹrù tí mò ń fi kún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti pọ̀ jù. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ohun tó sì dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn. Bí mo bá ní ilé máa wó, tí kò sì wó, mo ti ba Bàbá Sùlè lórúkọ jẹ́ lásán. Bí mo bá sì dákẹ́, Màámi ni yóò jókòó síbẹ̀. Mo gé ẹrù náà sí ìdajì, mo tún gé ìdajì sí ìdajì. Mo sọ ègé dẹ́kìn di kéékèèké sí i. Ibì kan náà ló ń kọ̀ sí.

Ọ̀gá wá ní kí n gba ọ̀nà mìíràn. Dípò kí n máa gbé ẹrù lé e, kí n máa bi í pé báwo lo ṣe tẹ̀ tó, wọ́n ní kí n máa fa etí rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí n wá bi í pé ẹrù wo lo lè gbé báyìí. Èyí fìdí mọ́lẹ̀. Etí dẹ́kìn ń tẹ̀, ẹrù tó lè gbé ń pọ̀ sí i. Nígbà tó yá, etí náà ń tẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹrù tó lè gbé bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Bàbá, ó ti gbé èyí tó lè gbé tán nìyẹn, kò sì tó ti Jímọ̀. Ọ̀gá wo ojú kọ̀ǹpútà náà, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní kí á lọ bá àwọn ìgbìmọ̀.

Lẹ́yìn ìrun alásárì, a lọ bá Bàbá Sùlè, Lèmọ́mù àtàwọn ìgbìmọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ ọ́. Bàbá Sùlè kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mò ń ṣeré ni. Nígbà tí wọ́n rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé kọ̀ǹpútà yín ti ru kọnkéré rí ni. Wọ́n ní àwọn bíríkìlà ti fò lórí dẹ́kìn náà, kò mì. Mo ní bíríkìlà mélòó ni, jàmáà obìnrin ni yóò kún ibẹ̀, Màámi sì wà lára wọn. Ó dùn wọ́n. Wọ́n ní ṣé mo rò pé àwọn lè fi ìyàwó ẹ̀gbọ́n àwọn sínú ewu ni. Lèmọ́mù ló dá sí i. Wọ́n ní kí a má jà, pé ṣé kò sí bí a ṣe lè dán an wò láìsí èèyàn lórí rẹ̀. Ọ̀gá mi ní omi ni. Omi ṣeé fi kún díẹ̀díẹ̀, ó sì ṣeé tú sílẹ̀ kíákíá. Bàbá Sùlè ní ó dáa, kí á ṣe é ní gbangba, kí ìtìjú lè mọ ilé olówó rẹ̀.

Ní àárọ̀ Alàmísì, wọ́n to dúróòmù ńláńlá sí iwájú dẹ́kìn, wọ́n fi ọ̀pá omi so gbogbo wọn mọ́ tápù kan níta, èyí tí wọn yóò ṣí láti tú omi sílẹ̀. A ri òpó irin sábẹ́ rẹ̀, a fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lè gbà á bó bá ń bọ̀. Gbogbo èèyàn wà lóde. Bàbá Sùlè ní àwọn làwọn máa di tápù mú, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo ti sọ fún ọ̀gá bí yóò ṣe tẹ̀ tó ní ìpele kọ̀ọ̀kan, a sì gbé ohun ìwọ̀n sí etí rẹ̀ láti ka bó ṣe ń tẹ̀.

Omi àkọ́kọ́ wọlé. Dẹ́kìn tẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré sí ohun tí mo sọ. Ìpele kejì, bákan náà. Ẹnì kan kígbe Àlááhù Àkíbárù, Bàbá Sùlè sì wojú mi, wọ́n mi orí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ó wó o, Bàbá, Ọlọ́run ló mọ̀. Mo ń bi ara mi pé kí ni mo ti fà sórí ẹbí mi yìí. Omi tún wọlé. Ìwọ̀n bá tèmi mu. Ọ̀gá ní kí wọ́n dáwọ́ omi dúró kí á lè kà á dáadáa. Omi dúró, ṣùgbọ́n ojú ìwọ̀n kò dúró. Dẹ́kìn ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó wá dún. Kì í ṣe ariwo ńlá, bí ìgbà tí wọ́n ń fọ́ èkùrọ́ lábẹ́ aṣọ ni. Ọ̀gá pariwo pé kí wọ́n tú omi sílẹ̀. Ọwọ́ Bàbá Sùlè wà lórí tápù, ṣùgbọ́n òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò mira. Mo kígbe pè wọ́n pé ẹ ṣí i, Bàbá, ẹ ṣí i! Wọ́n tó ta gìrì, wọ́n ṣí i, omi sì ya jáde sí gọ́tà. Etí dẹ́kìn sọ̀ kalẹ̀ sórí àwọn òpó irin, ó dúró síbẹ̀. Nígbà tí gbogbo omi tán, kò padà sókè mọ́. Ó ti la lókè láti ògiri dé ògiri.

Bàbá Sùlè nu ọwọ́ wọn sára aṣọ, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ìdí tí wọ́n fi pè yín pé kẹ́ ẹ má wá mọ́ nìyẹn.

Wọ́n ti fi òòlù wó o báyìí. Irin wà nísàlẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe wí, gbogbo èèyàn rí i. Síbẹ̀, àwọn kan ní omi tí a dà sí i ló bà á jẹ́, pé ká ní a fi í sílẹ̀ ni, kò ní í ṣe nǹkan kan. Ohun tí ohùn wọ́sáàpù yẹn ń sọ nìyẹn. N kò lè bá wọn jà, torí Jímọ̀ tí kò ṣẹlẹ̀ kò ṣeé fi hàn ẹnikẹ́ni. N kò sì sọ pé mo mọ ohun tó pamọ́. Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí a bá sọ fún kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò, ẹ sì rí i pé níbẹ̀rẹ̀, dẹ́kìn náà le ju bí mo ṣe sọ fún un lọ.

Òjò ti dé síbí. Ọ̀nà Ìjẹ̀gùn ti di ẹrẹ̀, abẹ́ tapólì ni jàmáà Ìdímù ń kírun sí títí wọn yóò fi tún dẹ́kìn náà kọ́. Ọjọ́ Àìkú ló nira fún mi jù. Ilé Bàbá Sùlè ni mo ti máa ń jẹun lọ́jọ́ náà. Ní báyìí, inú yàrá mi ni mo máa ń jókòó sí, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á máa dún sí mi létí. Mo ti lọ bẹ̀ wọ́n, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ni mo gbọ́ tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Bàbá Sùlè ni, òjò ti pa wọ́n. Wọ́n fa àwòrán dẹ́kìn tuntun yọ nínú ọ̀rá. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, ẹ bá wa wo eléyìí kí wọ́n tó po sìmẹ́ńtì." “Ẹ” ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀, Bàbá, bí ẹni ń bá àjèjì sọ̀rọ̀. Ó dùn mí ju èébú lọ. Mo ní yóò pẹ́ o, torí mi ò ní í dáhùn lórí ìṣirò kan ṣoṣo, mo máa tún un ṣe pẹ̀lú ègé tó kéré sí i. Wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n wò mí. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Fara balẹ̀ ṣe é, ọmọ mi. Mo lè dúró."

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Kò ní í fi ẹ̀rín ọ̀tá pàdé wa, kò ní í jẹ́ kí ilé wó lé olódodo lórí. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, ẹ kí àwọn ará mọ́ṣáláṣí yín, ẹ kí gbogbo ẹni tó bá bèèrè mi.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń retí ohùn yín,
Múínátù