Ibi tí Mummy ti ń rí Junaid

Bọ̀dá mi Junaid,

Mo kí yín o, mo kí Aunty Ajarat ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún ṣì ń yọ Mummy lẹ́nu, àmọ́ wọn ò gbà kí wọ́n má lọ sí ìsọ̀ ata wọn ní Mile 12.

Bọ̀dá, ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ má rò pé Mummy ń bínú ni wọn ò fi pè yín. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń pè yín lókè òkun, tí wọ́n fi ń rí ojú yín, ti gbó, kò lè gbé Windows tuntun. Muideen tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kétu wá fi Ubuntu, irú Linux kan tí wọ́n fi ń rọ́pò Windows, dán an wò. Ó dáa lójú mi. Àmọ́ Mummy ò mọ̀wé, ààyè nǹkan ni wọ́n mọ̀. Bí wọ́n ṣe mọ apẹ̀rẹ̀ rodo láìwò ó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mọ̀ pé ibi kẹta nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, níbi àwòrán tí wọ́n ń tẹ̀ láti pè yín, lẹ máa ń wà. Ti Ubuntu, ẹ̀gbẹ́ ni gbogbo àwòrán náà tò sí. Wọ́n wá yín títí, wọ́n ní, “Ta ló gbé Junaid kúrò ní ìsọ̀ ẹ̀?” Wọn ò fọwọ́ kàn án mọ́.

Àwọn èèyàn ní Mint, irú Linux mìíràn, máa ń tò ó sísàlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ Muideen ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kó tó fi èyíkéyìí sí i.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ yín níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí Mummy tún nawọ́ síbi tẹ́ ẹ máa ń wà, kí wọ́n má bá yín.

Àbúrò yín,
Labeebah